KÍ SÒBÌÀ TÓ DEGBÒ: Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ará Ìlú Lórí Omi Mímọ́ àti Ìlera

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fi omi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun abẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, Olúgànbẹ ni à ń ké sí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ òwe yìí. Àwọn olóṣèlú ń pa á, àwọn òbí ń pa á fún ọmọ, àwọn oníwàásù pàápàá kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń pa á lónìí júwe sòbìà, díẹ̀ ni yóò lè júwe rẹ̀. Wọn kò rí i lójú rí. Wọn kò gbọ́ igbe ẹni tí ó ń ṣe é rí. Àìmọ̀ wọn kì í ṣe àléébù; oore Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n oore tí ènìyàn kò bá mọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi sọ ọ́ nù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òní fi dá lórí bí sòbìà ṣe kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n lé e lọ, àti ohun tí iṣẹ́ wọn ń sọ fún ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nípa omi, àyíká àti ìlera àdúgbò rẹ̀.

ÀRÙN TÍ Ń JẸ́ SÒBÌÀ

Sòbìà jẹ́ aràn kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó funfun, tí ó sì rí bí okùn. Inú omi adágún tàbí ìkùdù tí kò ṣàn ni ó ti ń wọ ara ènìyàn. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí. Àwọn ni wọ́n máa ń gbé ọmọ aràn náà mì. Bí ènìyàn bá bu omi náà mu láìsẹ́ ẹ, kòkòrò yóò kú sí i nínú, ṣùgbọ́n ọmọ aràn tí ó gbé mì kò ní kú. Yóò dá ìfun lu, yóò sì fara pamọ́ sínú ara. Fún nǹkan bí ọdún kan, ẹni náà kò ní mọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni abo aràn, tí yóò ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100, yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àtijáde, pàápàá jù lọ ní ẹsẹ̀. Ojú ibẹ̀ yóò lé ròrò, yóò sì máa ta ènìyàn bí iná. Aláìsàn yóò wá sáré ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, ìléròrò náà yóò bẹ́, aràn yóò sì tu ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń mu. Báyìí ni ẹni tí omi èṣí kó àrùn bá ṣe ń kó àrùn sínú omi àmọ́dún, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Títí di òní, kò sí oògùn tí ń pa aràn yìí nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan tún lè ṣe é lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí a máa ká a mọ́ igi kékeré díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí ó bá já sínú, wàhálà dé: ẹsẹ̀ yóò wú, egbò yóò sì kẹ̀. Àwọn mìíràn ń dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi adágún ń fà, tí gbogbo ènìyàn sì ń rọ́ lọ síbi ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù, ni àrùn náà máa ń jà jù lọ. Bàbá kò ní lè dé oko, ìyá kò ní lè dé ọjà, ọmọ kò sì ní lè rìn dé ilé-ẹ̀kọ́. Ìwádìí kan tí àjọ UNICEF ṣe ìrànwọ́ fún ní 1987 láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pàdánù lọ́dọọdún nítorí sòbìà. Àrùn omi ni, ṣùgbọ́n òṣì ni ó ń bí.

IṢAN NI TÀBÍ ARÀN?

Ohun tí ó mú kí sòbìà pẹ́ láàárín àwọn ènìyàn ni pé wọn kò mọ ibi tí ó ti ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa gbà pé iṣan kan ni, tí a bí mọ́ olúkúlùkù, tí ó kàn ń jáde nígbà tí ara bá gbóná tàbí nígbà tí ayé bá ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Lárúbáwá ayé àtijọ́ pè é ní “al-ʿirq al-madanī”, èyí tí ó túmọ̀ sí iṣan ará Mẹ̀dínà, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ ìlú náà. Onímọ̀ ìṣègùn ńlá nì, Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ tí a ń pè ní al-Qanun. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún aràn náà títí di òní, Dracunculus medinensis, ṣì ń tọ́ka sí Mẹ̀dínà. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ìmọ̀ tẹ̀ síwájú: a ti wá mọ̀ pé omi ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ti mọ ilẹ̀kùn tí olè ń gbà wọlé, ohun tí ó kù ni kí gbogbo ará ilé pawọ́ pọ̀ tì í.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní 1986, a ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 3.5 mílíọ̀nù ènìyàn ni sòbìà ń mú lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Ọdún náà gan-an ni àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu láti pa á rẹ́, tí àjọ Carter Center, èyí tí Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, dá sílẹ̀, sì mú ipò iwájú nínú iṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà, ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ lórí àrùn yìí ti wáyé ní Ìlọrin ní 1985. Nígbà tí a wá kiri abúlé dé abúlé láàárín 1987 sí 1988, iye àwọn tí a rí ju 650,000 lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó jù wá lọ lágbàáyé nígbà náà. Ìtìjú gbáà ni, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó ṣe àǹfààní ni, nítorí pé ẹni tí kò bá ka egbò ara rẹ̀ kò lè wò ó sàn.

Ní 1988 ni ìjọba dá ètò ìparun sòbìà sílẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìjọba nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe pín in.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní òkè òkun fi ẹ̀bùn sílẹ̀. DuPont àti Precision Fabrics fúnni ní aṣọ ọ̀rá tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò inú omi kò lè gbà á kọjá. American Cyanamid fúnni ní oògùn Abate tí a ń dà sínú adágún láti pa kòkòrò náà, ní ìwọ̀n tí kò pa ẹni tí ó mu omi náà lára. Àjọ UNICEF ṣe ìrànwọ́ láti gbẹ́ kànga onírin sí àwọn abúlé. Ìwádìí tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin ṣe ní agbègbè Asà ní ìpínlẹ̀ Kwara fi hàn pé níbi tí omi dáadáa dé, sòbìà fà sẹ́yìn.

Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kò jókòó sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Láti 1963 ni yunifásítì náà ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera pẹ̀lú àwọn ará Ìbàràpá. Ní ìlú Ìdèrè, ní ọdún 1980 sí 1989, wọ́n jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa sòbìà, wọ́n sì jọ wá ọ̀nà àbáyọ. Àwọn télọ̀ ìlú náà ni wọ́n rán asẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìlera ni wọ́n ń tà á fún ará ilé wọn, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tí ó rà á mọ ẹni tí ó rán an. Ẹni tí ó tà á ń bọ̀ lọ́la láti wò bóyá ó ti ya. Èyí ni ó fún ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀.

Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ibẹ̀ yan ẹnìkan láàárín ara wọn. Iṣẹ́ ẹni náà ni pé kí ó mọ ilé tí sòbìà ti yọ, kí ó wẹ egbò, kí ó dì í, kí ó rọ aláìsàn láti má ṣe ti ẹsẹ̀ bọ odò, kí ó sì kọ orúkọ sílẹ̀ lóṣooṣù. Púpọ̀ nínú wọn kò gba owó oṣù. Kò sí ìwé ìròyìn tí ó gbé àwòrán wọn jáde. Bí a bá mú wọn kúrò nínú iṣẹ́ yìí, asẹ́ yóò kàn wà nínú àpótí ni, oògùn yóò sì wà nínú agolo.

Àwọn ọba, àwọn baálẹ̀, àwọn ìmáàmù àti àwọn aṣáájú ìjọ Kírísítẹ́nì fi ohùn wọn sí i. Níbi tí wọ́n bá ti gbà pé ohun àjogúnbá tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn ni adágún, àgbà ìlú nìkan ni ó lè là wọ́n lọ́yẹ̀. Láti 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí rí bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú abúlé lọ láti gba àwọn ènìyàn níyànjú, ó sì ń rọ àwọn gómìnà láti fún wọn lómi.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ní 2006, ènìyàn 16 péré ni sòbìà mú ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ yóò ti rò pé ó ti parí. Ní 2007, iye náà tún gòkè sí 73. Ní 2008, ó jẹ́ 38, ẹni tí ó ṣe é kẹ́yìn sì jẹ́ ará ìpínlẹ̀ Enugu, ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Láti ìgbà náà a kò rí i mọ́. Ní oṣù kejìlá 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Ní gbogbo àgbáyé, ènìyàn 15 ni a rí ní 2024. Ẹ fi 15 wé 3.5 mílíọ̀nù. Láìsí oògùn, láìsí abẹ́rẹ́ àjẹsára! Aṣọ asẹ́, omi mímọ́, àlàyé àti àìdáwọ́dúró ni ohun ìjà.

ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍ ÒKÈ ỌKỌ̀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍSÀLẸ̀

Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, fi àwùjọ wé àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ní láti máa gun òkè kí wọ́n tó rí omi pọn, wọ́n sì ń yọ àwọn ti òkè lẹ́nu. Ni wọ́n bá rò ó pé ó sàn kí àwọn lu ihò sí ọ̀dọ̀ àwọn. Bí àwọn ti òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dá wọn lẹ́kun, gbogbo wọn ni yóò là.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ omi ni ó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn inú ọkọ̀ yìí. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá; òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ni. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé ibi tí àwọn wà jẹ́ ti àwọn nìkan. Àṣìṣe àwọn ti òkè ni pé wọn kò bi ara wọn léèrè ìdí tí omi fi jìnnà sí àwọn ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá da ìdọ̀tí sínú gọ́tà lókè àdúgbò, tí àgbàrá sì gbé e lọ sínú kànga ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, ihò ni ó ń lu sí ọkọ̀. Ẹni tí ó ní kànga ẹ̀rọ nínú ọgbà rẹ̀, tí ó sì ń wo ọmọ aládùúgbò tí ń bu omi inú kòtò, òun náà wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ànábì kọ̀ fún ènìyàn láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn, ó sì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá ń yàgbẹ́ sí ojú omi, sí ojú ọ̀nà tàbí sí abẹ́ òjìji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. Ẹni tí ó bá ka èyí sí ọ̀rọ̀ kékeré nínú ẹ̀sìn, kí ó rántí sòbìà.

ÀṢÌṢE MÉJÌ TÍ Ó YẸ KÍ A JÁWỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Èkínní ni kànga àgbẹ́sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti ẹni kọ̀ọ̀kan ní ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí abúlé gẹ́gẹ́ bí sàdákà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ohun tí ó dára ni. Usman ọmọ Affan ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Saad ọmọ Ubadah gbẹ́ kànga fún ìyá rẹ̀ tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, wọn yóò lẹ orúkọ olóore mọ́ kànga, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu. Kí ó tó pé ọdún méjì, ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kò sí owó tí a kó jọ fún àtúnṣe. Ará abúlé ń wò ó pé “kànga wọn” ni, nítorí pé nígbà tí a ń gbẹ́ ẹ, a kò bi wọ́n ní ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí. Wọ́n ti padà sí ìkùdù, ṣùgbọ́n orúkọ olóore ṣì wà lára ògiri. Ẹ̀san ń ṣàn níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń ṣàn.

Èkejì ni kí Mùsùlùmí máa sọ pé òun kò lè jókòó pẹ̀lú ẹlẹ́sìn mìíràn lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà àti kànga. Sòbìà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ó ti ń kírun tàbí ibi tí ó ti ń gbàdúrà kí ó tó wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí a tó gbé iṣẹ́ Ànábì lé e lọ́wọ́, ó wà nínú àdéhùn kan ní Mẹ́kà tí wọ́n ṣe láti gba ẹni tí a ń rẹ́ jẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti di Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sọ pé bí wọ́n bá tún pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́ ìpè náà. Ẹ̀sìn ẹni kò ní kí ẹni kọ ohun rere nítorí pé ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ pè wá sí i.

SÒBÌÀ LỌ, ONÍGBÁMÉJÌ WÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ti tán. Ní 2021, onígbáméjì jà ní Nàìjíríà: àwọn tí a fura sí pé ó mú lé ní 111,000, àwọn tí ó sì pa lé ní 3,600. Omi tí ìgbẹ́ wọ̀ ni ó ń fà á. Ìwádìí ìjọba ní ọdún kan náà fi hàn pé nǹkan bí 48 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà ní ń yàgbẹ́ síta gbangba. Onígbáméjì kò dà bí sòbìà tí ń fún ènìyàn ní ọdún kan. Ó lè pa ènìyàn láàárín wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé, ọ̀nà kan náà ni a sì lè gbà tì í.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ Ọ̀DỌ́

1. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mọ́sálásí. Ẹ lọ wo ibi tí omi àlùwàlá ń ṣàn sí. Bí ó bá ń dárogún sí ojú ọ̀nà, tí ẹ̀fọn ń yé sínú rẹ̀, àwọn tí ń ṣe ìmọ́ra láti kírun ni wọ́n ń kó ibà bá aládùúgbò wọn. Ẹ la gọ́tà fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí.

2. Kí ẹ mọ gbogbo orísun omi àdúgbò yín: mélòó ni kànga, mélòó ni ó ní ìdérí, báwo ni ṣáláńgá ṣe jìnnà sí i, èwo ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ sòbìà kò gbéra títí wọ́n fi kà á.

3. Kí kànga kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Kí àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń pọnmi, àwọn ni wọ́n sì mọ ọjọ́ tí omi yí àwọ̀ padà. Kí a kọ́ ọ̀dọ́ méjì ní àtúnṣe ẹ̀rọ. Kí a máa dá owó kékeré, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

4. Kí ẹ tọ òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ kí àìsàn tó dé. Bí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bá bẹ̀rẹ̀ ní ilé kan, kí ẹ fi tó wọn létí lọ́jọ́ náà, kí ẹ má ṣe fi í pamọ́ nítorí ìtìjú.

5. Kí ẹ má ṣe dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá ku díẹ̀. Ẹ rántí ènìyàn 16 tí ó padà di 73.

Láyé àtijọ́, ẹnìkan ni à ń ké sí kí sòbìà tó degbò. Lónìí a ti mọ̀ pé kò sí Olúgànbẹ kan ṣoṣo. Télọ̀ tí ó rán asẹ́ jẹ́ Olúgànbẹ. Ìyá tí ó sẹ́ omi kí ó tó bù ú fún ọmọ jẹ́ Olúgànbẹ. Ọ̀dọ́ tí ó rin ilé dé ilé tí ó ń kọ orúkọ aláìsàn jẹ́ Olúgànbẹ. Àdúgbò tí ó bá ń dúró de ẹnìkan tí yóò wá gbà á là, egbò ni yóò bá a níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní omi tí ń wẹ̀ wá mọ́, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Kí Ó san àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà tí a kò mọ orúkọ wọn ní ẹ̀san rere. Àmín.